Bọ́tìnnì Tí Wọ́n Ní Kí N Má Tẹ̀

Kọ̀ǹpútà mi kú láàárín gbólóhùn kan. Bàbá àgbàlagbà kan jókòó síwájú mi, ó ń sọ ohun tí mo máa kọ sí ọmọ rẹ̀ tó ti pẹ́ lájò, mo sì ń tẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Kọ ọ́ pé ara mi le. Kọ ọ́ pé mi ò bínú mọ́." Bí mo ṣe tẹ "mi ò" tán ni ojú ẹ̀rọ ṣú. Mo tẹ bọ́tìnnì tó ń tan án, kò tàn. Mo yọ wáyà, mo tún un kì bọ̀ ọ́, pàbó ló já sí.

Bàbá tẹjú mọ́ mi. "Akọ̀wé, ṣé ó ti kọ ọ́?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ̀rọ ló dáṣẹ́ sílẹ̀."

"Ibo ló dé?"

"Ó dé ibi pé ara yín le."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fa ọ̀pá rẹ̀ mọ́ra. "Ibẹ̀ gan-an ni mo ti purọ́."

Mo fi bírò kọ ìyókù fún un, ṣùgbọ́n ìwé ọwọ́ mi ò dáa. Ẹni tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kó tó dá "a" mọ̀ yàtọ̀ sí "o", ìka rẹ̀ ò lè rọ̀ bíi ti ọmọ iléèwé. Orí kíbọọ̀dù ni mo ti kọ́ ìwé. Títí dòní, bí ẹ bá ní kí n ka lẹ́tà tò, ìlà òkè lápá òsì ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀, bí wọ́n ṣe jókòó lórí bọ́tìnnì.

Nígbà tí bàbá lọ, mo jókòó ti òkú ẹ̀rọ náà. Yàrá iṣẹ́ mi ò ju tábìlì kan, àga méjì àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lọ, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà ọsibítù. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n kọ ni mò ń bá kọ lẹ́tà. Mo ti bá aláboyún kọ ọ́ sí ọkọ tó sá lọ. Mo ti bá ọkùnrin kan kọ lẹ́tà ìfẹ́ mọ́kànlá sí obìnrin kan ṣoṣo, títí tí obìnrin náà fi wá fúnra rẹ̀ láti mọ ẹni tó ń kọ ọ́. Kò sí ẹni tó kọ ọ̀kan sí èmi rí. Ohun tí mo gbà gbọ́ nígbà náà nìyẹn.

Lórí kíbọọ̀dù mi, nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, bọ́tìnnì kan wà tí mo fi pílásítà bò, irú èyí tí nọ́ọ̀sì ń lẹ̀ mọ́ ojú abẹ́rẹ́. Ọdún márùn-ún àti oṣù mẹ́rin ni mo fi bò ó. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹni tó to àwọn bọ́tìnnì yòókù fún mi ló ní kí n má tẹ̀ ẹ́.

Tọ́ọ̀ṣì là ń pè é, nítorí iná kékeré kan tó máa ń so mọ́ iwájú orí nígbà tó bá ń tú ẹ̀rọ. Ó máa ń gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, á sì jáde sígboro lọ́sàn-án gangan pẹ̀lú iná lórí. Abẹ́ àtẹ̀gùn ilé tí èmi àtàwọn àgbà bíi tèmi ti ń kọ́ ìwé ló ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ọjọ́ tí mo lè ka orúkọ ara mi láìsinmi, ó gbé ẹ̀rọ kan fún mi.

"Àǹtí, òkú mẹ́ta ni mo tú pọ̀ tó di alààyè kan yìí. Ẹ rọra máa lò ó."

Òun ló là mí lóye pé ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà ju ẹyọ kan lọ. Èyí tó wọ́pọ̀ jù, àwòrán fèrèsé ló máa ń kọ́kọ́ yọ lójú rẹ̀, nítorí náà Fèrèsé là ń pè é. Òmíràn wà tí àmì rẹ̀ jẹ́ èso tí wọ́n ti gé jẹ. Ẹ̀kẹta ni Ẹlẹ́yẹ: ẹyẹ kan tó sanra, tó dúró bí alága ìpàdé. Ọ̀fẹ́ ni Ẹlẹ́yẹ, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n lè tú u palẹ̀ kó tún un tò bó ṣe wù ú. Ẹlẹ́yẹ ni Tọ́ọ̀ṣì fi sí tèmi. Ó rí bí mo ṣe ń wá lẹ́tà tó ní àmì nísàlẹ̀ kiri. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì máa fi mọ́, bọ́tìnnì kan ṣoṣo ti ń gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde. Àwọn lẹ́tà òyìnbó tí ọ̀rọ̀ wa ò lò, ó lé gbogbo wọn lọ sẹ́yìn. Ó ní wọ́n kàn ń jẹun ọ̀fẹ́ níbẹ̀ ni.

Mo máa ń wá ẹ̀bi fún ẹ̀rọ náà kí n lè lọ sábẹ́ àtẹ̀gùn. Ó ń pariwo. Ó ń gbóná. Ó ń tutù.

"Ó ń tutù?" ni Tọ́ọ̀ṣì bi mí. "Ẹ̀rọ wo ni wọ́n ń fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn pé ó tutù?"

Ojú tì mí. Ó tẹ̀ síwájú díẹ̀. "Àǹtí, ọmọ ọdún mélòó ni yín?"

"Ta ló ń bi obìnrin bẹ́ẹ̀?"

"Ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá òun lè dẹ́kun àǹtí tí òun ń pè é."

Ìmọ́lẹ̀ iwájú orí rẹ̀ ń wọ̀ mí lójú. Mo ní, "Kọ́kọ́ pa iná yẹn ná." Ó pa á. Láti ọjọ́ yẹn ni "ẹ" ti tán láàárín wa, ó sì di "ìwọ".

Ìyá mi ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Èmi àti òun nìkan là ń gbé láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sì ní ilé tirẹ̀.

"Abẹ́ àtẹ̀gùn! Ọkùnrin tó ń bá eku du ibùjókòó!"

"Màámi, ó níṣẹ́ lọ́wọ́."

"Mo gbà, ó níṣẹ́ lọ́wọ́. Òrùlé wá ńkọ́? Àwọn èèyàn ń fi bàtà gun orí rẹ̀ lọ sókè. Ọdún mẹ́rin lo sì fi jù ú. Ṣé o fẹ́ fẹ́ ẹ ni, àbí o fẹ́ pọ̀n ọ́n?"

Mo rẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Tọ́ọ̀ṣì sọ fún mi pé wọ́n ń pe òun síṣẹ́ ní ìlú mìíràn tó jìnnà, mo kàn ń fi ìdí aṣọ nu ojú ẹ̀rọ. Mo ní, "Ire ni." Ó wo ojú mi títí. Ó ní, "Ṣé ìyẹn nìkan?" Mo ní ìyẹn nìkan ni. Ẹ̀rù ń bà mí ni. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé, ó máa ń ṣe é bíi pé gbogbo ọ̀rọ̀ tóun bá sọ, ẹnìkan wà níbì kan tó ń fi bírò pupa sàmì sí i.

Ọjọ́ tó máa lọ, mo wà ní wọ́ọ̀dù, mò ń bá obìnrin kan tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún kọ̀wé sí àwọn ọmọ rẹ̀. Mo délé bá Màámi níbi tó ti ń ká aṣọ.

"Ọ̀rẹ́ rẹ abẹ́ àtẹ̀gùn wá. Ọkọ̀ tètè gbéra, ó ti lọ."

"Kí ló sọ, Màámi?"

Ó ká aṣọ kan, ó tún un ká. "Ó ní kí o má ṣe tẹ bọ́tìnnì tó gbẹ̀yìn lápá ọ̀tún nísàlẹ̀. Ó ní bí o bá tẹ̀ ẹ́, gbogbo ohun tí òun tò ló máa dàrú."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan ni."

Ọjọ́ náà ni mo lẹ pílásítà mọ́ ọn. Nọ́ńbà rẹ̀ tí mo ní kò lọ mọ́. Mo ní yóò pè. Ọdún kan kọjá, ìkejì kọjá. Mi ò gbé fóònù wọ ilé ìwẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ìka mi ò tẹ bọ́tìnnì yẹn rí. Ó máa ń fò ó kọjá bí ẹni tó ń fo ọmọ tó sùn lórí ẹní. Ẹlòmíì ní òrùka, ẹlòmíì ní fọ́tò. Èmi, ohun tí ọkùnrin fi sílẹ̀ fún mi ni pé kí n má ṣe nǹkan kan, mo sì ń pa á mọ́.

Kọ̀ǹpútà kú lọ́jọ́ Ajé. Ní Ọjọ́rú, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ti dé. Òun ló ń ṣe alárinà láàárín èmi àti Ọ̀gá Atẹ̀wé, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ńlá tó wà níkòríta. Ìyàwó Ọ̀gá ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin sì ti relé ọkọ.

"Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́," ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi pè mí, orúkọ tó sọ mí láti ọjọ́ tó ti wọ ilé wa, "Ọlọ́run ló pa ẹ̀rọ yẹn! Ọ̀gá ní òun máa ra tuntun fún yín. Fèrèsé ni o, bíi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù òun, kí ohun tí ẹ bá kọ níbí lè ṣí lọ́hùn-ún láìdàrú."

"Ìyàwó wa, ṣé ẹ̀rọ ló ń fi tọrọ mi ni?"

"Kí ni kó fi tọrọ yín, òdòdó? Ṣé ẹ máa jẹ òdòdó ni? Bí ẹ ò bá fẹ́ Fèrèsé, ẹ ní kó ra ti èso. Àmọ́ èmi ò lè rówó ra nǹkan tí ẹnìkan ti gé jẹ."

A rẹ́rìn-ín débi tí omi fi bọ́ lójú wa. Tèmi ò tètè dáwọ́ dúró.

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ wá lọ́jọ́ kejì. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, èékánná rẹ̀ mọ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú yíǹkì ló ń gbé. Ó wo pílásítà náà, kò bi mí nípa rẹ̀.

"Mi ò ní kí o máa nífẹ̀ẹ́ mi bíi ti ọmọdé," ó ní. "Ilé mi ti dákẹ́ jù ni. Mo máa ń tan rédíò sílẹ̀ lórí ìjókòó kí n tó jáde, kí n lè bá ohùn èèyàn nílé tí mo bá dé."

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ fún mi lọ́jọ́ mélòó kan."

Mo ro ó. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì ni mí. Ọkùnrin dáadáa ni, òótọ́ ló sì sọ. Bọ́tìnnì tí kò pè mí láti ọdún márùn-ún, kí ni mò ń ṣọ́ lára rẹ̀? Ohun kan ṣoṣo ló ń dí mi lọ́wọ́. Bí mo bá gba Fèrèsé, gbogbo ìtò tí Tọ́ọ̀ṣì tò ló parí nìyẹn. Mo mọ̀ pé ọkàn mi ti so ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan mọ́ ọkùnrin kan. Bí mo bá yan ọ̀kan, mo ti yan èkejì.

Màámi ló wá yà mí lẹ́nu. Ìyá tí kò mọ ibi tí wọ́n ti ń tan kọ̀ǹpútà jókòó tì mí, ó ní, "Fèrèsé ni kí o gbà."

"Ta ló kọ́ ẹ̀yin ní Fèrèsé, Màámi?"

"Ṣé mi ò létí ni? Ohun tí gbogbo ayé ń lò ni kí o lò. Kí wọ́n sì ju ti àtijọ́ yẹn nù. Kí wọ́n má wulẹ̀ tú inú rẹ̀ wò."

Ohùn rẹ̀ le ju bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ lọ. Mo gbọ́ ọ, mi ò sì fi ṣe nǹkan kan.

Mo gbé òkú ẹ̀rọ náà lọ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lójú ọ̀nà ibùdókọ̀. Ó tú u, ó fọn eruku inú rẹ̀ dànù.

"Àǹtí, ọpọlọ ẹ̀rọ yìí ti kú, àmọ́ nǹkan kan ò ṣe ibi tó ń kó nǹkan pamọ́ sí. Tí ẹ bá ra Fèrèsé, mo lè kó àwọn lẹ́tà tí ẹ ti kọ síbẹ̀. Ìtò bọ́tìnnì yìí ò ní bá wọn lọ o, ẹ máa kọ́ ọwọ́ tuntun. Tó bá jẹ́ Ẹlẹ́yẹ, gbogbo ẹ̀ pátá ni mo máa gbé sórí tuntun. Ẹni tó ṣe é fún yín fara balẹ̀ gan-an o."

"Mo mọ̀."

"Èwo ni ká ṣe?"

Mo jókòó sórí àga ike rẹ̀. Ọkọ̀ ń kọjá, obìnrin kan ń bá ọmọ rẹ̀ jà lórí bàtà. Mo sọ fún ara mi pé nítorí iṣẹ́ mi ni, nítorí kí ìka mi má bàa tún di púrúǹtù. Mo ní, "Ẹlẹ́yẹ."

Kí n tó kúrò níbẹ̀ ni mo pe Ọ̀gá. Mo fi ohun tí mo yàn tó o létí. Ó ní, "Nígbà náà, o ti dá mi lóhùn."

"Ọ̀gá, kì í ṣe pé mo rí àléébù kan lára yín."

"Mo mọ̀," ó ní. "Bó bá ṣe pé àléébù ni, ǹ bá ti tún un ṣe."

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, mo lọ gba ẹ̀rọ tuntun. Ó ń tàn yanran. Kò sí pílásítà lórí rẹ̀; ó ṣe mí bí ẹni rí ojúlùmọ̀ tí kò wọṣọ. Ọmọbìnrin náà tẹ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn jáde bó ṣe yẹ.

"Ó ku ọ̀kan," ó ní. "Mo rí i nínú ìtò rẹ̀ pé ó fi nǹkan sórí èyí tó wà nísàlẹ̀ lọ́tùn-ún. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n máa tẹ̀ ẹ́."

"Má tẹ̀ ẹ́!"

Ó ti tẹ̀ ẹ́. Nǹkan kan ò dàrú. Ọ̀rọ̀ kàn tú jáde sójú ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà, odindi, bí ẹni tó ti dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn tipẹ́:

"Akọ̀wé, mo fẹ́ ká jọ lọ. Bí o kò bá tíì lè wá, màá dúró. Nọ́ńbà mi tuntun wà nísàlẹ̀. Bí o bá fẹ́ mi, pè mí. Bí o kò bá pè, màá mọ̀ pé o ti dáhùn, mi ò sì ní yọ ọ́ lẹ́nu láé. Tọ́ọ̀ṣì."

Èmi tí mò ń ka lẹ́tà fún gbogbo àdúgbò, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo kà á kí n tó gbọ́ ohun tó wí.

"Àǹtí," ni ọmọbìnrin náà sọ jẹ́jẹ́, "ta ni Tọ́ọ̀ṣì?"

Mo jáde síta, mo dúró létí gọ́tà, mo pe nọ́ńbà náà. Ó dún lẹ́ẹ̀mẹta. Òun ló gbé e.

"Akọ̀wé ni," mo ní.

"Akọ̀wé?" ó ní. Láti ẹ̀yìn rẹ̀, mo gbọ́ ohùn ọmọ kékeré kan tó ń pe bàbá rẹ̀ pé kó wá wo nǹkan.

"Òní ni mo rí i," mo ní. "Wọ́n sọ fún mi pé kí n má tẹ̀ ẹ́."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Mo ṣàlàyé fún Màámi pé kí o tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo tún un sọ, wọ́n sì sọ ọ́ padà fún mi."

Ọmọ náà tún pè é.

"Ọdún méjì ni mo dúró," ó ní. Ohùn rẹ̀ kò ní ìbínú, ìyẹn ló burú jù. "Mo rò pé bí o ṣe dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn náà lo ṣe dákẹ́ lẹ́yìn rẹ̀."

"Ṣé o ṣì ń gbàgbé iná sórí?"

"Ìyàwó mi ló máa ń bá mi yọ ọ́ báyìí."

"Ó dáa," mo ní. "Lọ dá ọmọ lóhùn."

Nígbà tí mo délé, Màámi rí ẹ̀rọ tuntun lápá mi, ó rí ojú mi, ó sì jókòó. Mi ò pariwo. Mo ní, "Màámi, kí ni Tọ́ọ̀ṣì rán yín sí mi?"

"Ó ní kí o tẹ̀ ẹ́."

"Kí ló dé tí ẹ fi yí i padà?"

"Mo mọ̀ pé tí mo bá gbàgbé láti sọ ọ́, o lè tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ lọ́jọ́ kan. Àmọ́ tí mo bá ní ó ní kí o má tẹ̀ ẹ́, o ò ní tẹ̀ ẹ́ láé. O máa ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "O máa bá a lọ ni. Ta ló máa máa ka nǹkan fún mi? Oògùn gan-an, ìwọ lò ń sọ èyí tó jẹ́ ti àárọ̀ fún mi. Ọkọ mi ti lọ, ẹ̀gbọ́n rẹ ti lọ. Mo rò pé tó bá yá, wàá gbàgbé."

Mo wọ yàrá, mo ṣí àwọn lẹ́tà àtijọ́. Ti bàbá yẹn ló gbẹ̀yìn. Ó ṣì dúró síbi "mi ò". Mo wò ó, mi ò fi nǹkan kan kún un.

A ò bá ara wa jà. Bóyá ìjà ìbá sàn jù. A ń kí ara wa láàárọ̀, a ń jẹun, ilé sì dákẹ́ bíi ti Ọ̀gá, láìsí rédíò. Lẹ́yìn oṣù kan, Màámi dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi.

"Kọ́ mi," ó ní.

"Kí ni kí n kọ́ yín?"

"Ìwé. Kí n má bàa tún dè ọ́ mọ́lẹ̀."

Ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni. Orí kíbọọ̀dù náà ni mo ti kọ́ ọ, torí èmi náà ò mọ ibòmíì. Ó ń fi ìka kan tẹ̀, ó ń bú lẹ́tà, ó ní "g" jọ ẹni tí ìdí ń ro. Ó fi oṣù mẹ́jọ kọ́ ọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mò ń yọ aṣọ lórí okùn nígbà tó pè mí.

Mo bá a níwájú ẹ̀rọ. Ìka rẹ̀ wà lórí bọ́tìnnì ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Ó wò mí, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ náà tú jáde. Màámi fà mọ́ ọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, sílébù kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn lókùnkùn.

"A-kọ̀-wé. Mo. Fẹ́. Ká. Jọ. Lọ."

"Màámi, ó tó."

"Jẹ́ kí n kà á tán."

Ó kà á. Ó ṣìnà níbi "dáhùn", ó padà sẹ́yìn, ó tún un kà. Aṣọ tí mo ti yọ wà lápá mi, ọ̀kan ń yọ̀ bọ́ sí mi lẹ́sẹ̀. Nígbà tó dé ìparí, ó fi ìka tọ orúkọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí kí ó tó pè é.

"Tọ́ọ̀ṣì." Ó yíjú sí mi. "Iṣẹ́ tó rán mi nìyẹn. Mo ti jẹ́ ẹ."

"Mo ti gbọ́, Màámi," mo ní, mo sì padà síta lọ yọ àwọn aṣọ tó kù.